Omi Ti Tán Lójú Ọ̀nà Gérárì

Èmi Náhámì kò fẹ́ràn ará Gérárì rí, n kò sì ní torí ewú orí bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ènìyàn tí òùngbẹ ń gbẹ, tó rí omi tútù nínú kànga, tó wá bu erùpẹ̀ dà sí i nítorí pé àlejò ló gbẹ́ ẹ, orúkọ wo ni kí n pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ìlú wọn ní odi. Wọ́n ní ọba, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ogun tí kò lè gun òkè, wọ́n ní òrìṣà ńlá létí òkun. Ọgbọ́n nìkan ni wọ́n gbàgbé láti tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó gbẹ́ kànga ló ni ín, òun náà ló sì ni koríko tó yí i ká títí dé ibi tí òùngbẹ bá ti tún gbẹ àgùntàn. Òfin yìí ló ń dun Gérárì. Àwọn kànga tó wà láàárín odi wọn àti aṣálẹ̀, Ábúráhámù ló gbẹ́ wọn nígbà ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá mu níbẹ̀, wọ́n ti jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn nìkan. Nígbà tí bàbá náà kú tán, wọn kò mu omi ọ̀hún, wọn kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn mu ún. Ṣe ni wọ́n ń dí i. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan á lọ dí èyí, òmíràn á lọ dí ìyẹn, olórí wọn á wá padà sílé lọ gba oyè lọ́wọ́ ọba. Adíkànga. Oyè gidi ni, wọ́n ń wọṣọ sí i. Olúkúlùkù wọn dí tirẹ̀, inú olúkúlùkù dùn, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó jókòó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ísáákì ọmọ Ábúráhámù ni ọ̀gá tiwa. Ní Gérárì ló ti kọ́kọ́ dáko, ọkà rẹ̀ sì yọmọ ju tiwọn lọ. Ìlara mú ọba wọn, ó ní kó máa lọ. Ó kó wa, ó lọ. A dé àfonífojì, Yánkámù olórí àwọn agbẹ́kànga wa gbẹ́ ilẹ̀ kan omi, àwọn darandaran Gérárì dé, wọ́n ní tàwọn ni. Ísáákì sọ kànga náà ní Ìjà, ó ní ká tú àgọ́. A tún gbẹ́ òmíràn níwájú. Níbẹ̀ ni ọwọ́ ti kan ọwọ́. Ọ̀pá ń ròkè, òkúta ń fò, kò ju àsìkò tí obìnrin fi ń fún wàrà ewúrẹ́ kan lọ. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Súári àbúrò mi ti jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú òsì rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ísáákì sọ ìyẹn náà ní Ìṣọ̀tá, ó ní ká tú àgọ́. Bí a ṣe ń lọ ni Gérárì ń dí kànga méjèèjì lẹ́yìn wa.

Bàbá tó bí mi wà lára àwọn tó bá Ábúráhámù lé àwọn ọba lọ títí dé òkè Dámásíkù. Èmi tí mo jogún ọ̀kọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní olórí àwọn ológun ilé, èèkàn àgọ́ ni mo ń rù.

"Ṣebí wọ́n ní àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá," Súári sọ fún mi lọ́nà, aṣọ ṣì wà lójú rẹ̀. "Àgbò tiwa ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ó tàdí mẹ́yìn, ó lọ mú ibi tó tún máa tàdí lọ wá."

N kò bá a wí. Kí ni mo fẹ́ bá a wí sí?

Báyìí la ṣe dé Bíáṣébà, lábẹ́ igi ńlá tí Ábúráhámù gbìn. Gérárì ti dí kànga ibẹ̀ náà. Yánkámù sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n ń kó erùpẹ̀ jáde títí òkìtì rẹ̀ fi ga tó ràkúnmí tó kúnlẹ̀, kí wọ́n tó gbọ́ ohùn omi. Ísáákì tẹ́ pẹpẹ, ó pa àgọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó ní ó parí, òun dé ilé. Lẹ́yìn wa níhà gúúsù, aṣálẹ̀ ló kù, níbi tí aláǹgbá pàápàá ń gbé oúnjẹ ọ̀nà dání. Àsìkò sì ni àwọn àgùntàn ń bímọ. Ẹni tó bá kó àgùntàn olóyún wọ aṣálẹ̀, awọ ni yóò kó jáde.

Ádáhà ìyàwó mi na ọwọ́ sí ilẹ̀ tútù tó wà nísàlẹ̀ ọpọ́n ìmumi ẹran. "Bàbá Hóhámù, mo ti gbin àlùbọ́sà síbẹ̀ yẹn," ó wí fún mi. "Tí Ísáákì bàbá yín bá tún fẹ́ lọ, kó gbé àgọ́ tiẹ̀ lọ. Èmi ò tú èèkàn kankan mọ́."

Àlùbọ́sà náà kò tíì hù tí Hóṣáì oníyọ̀, tó máa ń ná ọjà Gérárì, fi dé, òun àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì funfun fún eruku. Wọ́n mú un wọ inú àgọ́ Ísáákì. Èmi wà níbẹ̀, Súári wà níbẹ̀, àti Yánkámù tí ọwọ́ rẹ̀ rí bí gbòǹgbò igi.

"Gérárì ń bọ̀," Hóṣáì wí. "Sídíkà ọ̀gágun wọn ló kó wọn. Ó fi Dágónì òrìṣà wọn búra lẹ́nu odi, níwájú ọba, pé bàtà òun ò ní kúrò lẹ́sẹ̀ òun títí kànga yìí á fi kún fún erùpẹ̀, tí ẹ̀yin á sì wọ aṣálẹ̀. Mo fi òru rìn kọjá ibi tí wọ́n sùn sí. Tó bá di ọ̀la, tí oòrùn bá kan àtàrí, wọ́n á ti débí."

"Ṣé wọ́n pọ̀?" mo béèrè.

"Wọ́n bo ojú ọ̀nà."

Mo yíjú sí Ísáákì. Ó ń jẹ búrẹ́dì àti wàrà dídì, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ wá kí i. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, ó sì máa ń gbé etí sí ènìyàn ju kó wò ó lọ.

"Bàbá," mo ní, "ẹ jẹ́ kí n kó àwọn oníkànnàkànnà gun òkè méjèèjì. Tí wọ́n bá wọ àárín, a ó sọ òkúta lù wọ́n bí ẹni ń lu èso ólífì."

Hóṣáì ló kọjú sí. "Oníyọ̀, níbo lo ti mu omi lọ́nà?"

"Mi ò mu omi lọ́nà, bàbá. Níbo ló wà? Èyí tí mo rọ sínú àpò awọ láti ilé ni èmi àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jọ mu, òun ló sì mu púpọ̀ níbẹ̀."

"Àwọn ọmọ ogun yẹn ńkọ́, kí ni wọ́n gbé?"

"Àpò awọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn á mu tibí kí àwọn tó dí i."

Ísáákì rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín ní Ìjà, kò rẹ́rìn-ín ní Ìṣọ̀tá, àfi ìgbà tí idà ń bọ̀ wá bá wa. Súári fi ojú kan ṣoṣo tó kù fún un wò mí, bí ẹni ń sọ pé, o rí i, orí rẹ̀ ti yí.

"Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù," ọ̀gá wa wí. "Àwọn tó da erùpẹ̀ síwájú, kí ni wọ́n ń tẹ̀?"

"Òùngbẹ ti bá wa pa ìdajì wọn nìyẹn, bàbá," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí n pa ìyókù."

"Náhámì, òkú kì í gbẹ́ kànga."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi, n kò sì béèrè. Ó ti sú mi. Ó wá pe Yánkámù sí iwájú, ó ní kó fi ọwọ́ sí abẹ́ itan òun, bí àwọn ìdílé wọn ti ń búra ìbúra tí ikú nìkan ń tú.

"Lọ́la, ìwọ àti àwọn tìrẹ ẹ ó dúró lẹ́bàá òkìtì erùpẹ̀ tí ẹ kó jáde, tẹ̀yin ti ọkọ́. Bí Gérárì bá yọ idà kan ṣoṣo láàárín àgọ́ wa, dí kànga náà. Búra fún mi."

Yánkámù wò ó. "Bàbá, èmi ni mo gbẹ́ ẹ."

"Mo mọ̀."

"Àwa náà á kú."

"Mo mọ ìyẹn náà. Búra."

Ọkùnrin náà búra. Nígbà tó jáde, ó lọ jókòó sẹ́nu kànga rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa òkúta etí rẹ̀ lára bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Mo lọ bá Ádáhà, mo ní kò sí ewu. Ó ní irọ́ ni mò ń pa, ó sì ń bomi rin àlùbọ́sà rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, kí a tó rí wọn, eruku wọn la kọ́kọ́ rí, ó sì ń rìn bí arúgbó. Èmi àti àwọn oníkànnàkànnà wà lórí òkè. Ohun kan ṣoṣo tí Ísáákì gbà mí láyè nìyẹn, pé ká dúró níbi tí wọ́n á ti rí wa. Mo ti rí ogun rí. N kò rí irú èyí. Àwọn akọgun tó ń fi ọ̀kọ̀ ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Àwọn kan ti so apata wọn mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn bí àgùntàn tó jẹ ewé burúkú. Ètè wọn ti bó. Sídíkà ló ṣíwájú, adé ìyẹ́ orí rẹ̀ ti dorí kodò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Akígbe rẹ̀ jáde láti kì í, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn.

"Sídíkà, ìjì etí òkun! Kìnnìún tí ń fi darandaran jẹun! Adíkànga-má-wẹ̀yìn! Ọkọ..."

Ohùn gbẹ mọ́ ọn lọ́fun níbẹ̀. Ó húkọ́, ó tún gbìyànjú, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Súári ké mọ́ ọn láti orí òkè pé, "Ọkọ ta ni? Parí ẹ̀, à ń gbọ́." Àwọn ọmọ tiwa bú sẹ́rìn-ín.

Ísáákì jókòó lórí òkúta ńlá tó bo kànga. Okùn tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi ṣì ń kán lára korobá awọ, ojú gbogbo Gérárì sì wà lára omi tó ń kán yẹn.

"Ìwọ darandaran," Sídíkà wí, "dìde lórí òkúta yẹn."

"Ẹ káàbọ̀ o," Ísáákì dáhùn. "Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ kú oòrùn. Ọba ńkọ́?"

Níbi gbogbo ní ilẹ̀ Kénáánì, ẹni tí onílé bá ń kí lẹ́nu àgọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ já ìkíni náà. Gérárì pàápàá ń pa á mọ́. Ohun rere kan tí mo mọ̀ mọ́ wọn nìyẹn, ó sì pa wọ́n lára lọ́jọ́ náà.

"Ọba wà," Sídíkà wí.

"A dúpẹ́. Ìyá ọba ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn, ṣé ó ti fúyẹ́?"

"Ó ti fúyẹ́."

"Èwo nínú méjèèjì? Torí tọ̀tún ló ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín." Ó bi í nípa àwọn ayaba, ó dárúkọ wọn. Ó béèrè ọkà. Ó béèrè àwọn ẹṣin. Ó ní kẹ̀kẹ́ ogun ńkọ́, pé òun ò rí i, àbí òkè ló tún dí i lọ́nà? Oòrùn dúró ṣánṣán lórí wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun náà jókòó sílẹ̀ láìgba àṣẹ. Òmíràn jókòó tì í.

Ìgbà tí ìkíni tán, Sídíkà gbé ohùn sókè. "A wá dí kànga yìí."

"Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti bá yín tọ́jú erùpẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ má bàa ṣe wàhálà." Ísáákì nawọ́ sí òkìtì náà, Yánkámù àti àwọn tirẹ̀ dúró tì í, ọkọ́ lọ́wọ́. "Ẹ̀yin náà lẹ bù ú sí i lọ́jọ́sí. Ẹ wò ó, bóyá ẹ ṣì dá a mọ̀."

Ó dìde. Àwọn ọkùnrin wa yí òkúta náà kúrò. Ó ju korobá sí i, gbogbo wa sì gbọ́ ọ, àwa tí a wà lórí òkè pàápàá, bó ṣe kan omi nísàlẹ̀. Gbogbo ogun Gérárì mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ Sídíkà lọ sí idà rẹ̀.

"Yánkámù," Ísáákì pè, jẹ́ẹ́jẹ́.

Yánkámù bu ẹ̀kún ọkọ́ kan, ó dà á sínú kànga. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ó bu èkejì.

"Ọ̀gágun," ọ̀kan lára àwọn tó jókòó sílẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń họ igi, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó má dà á."

"Kí ló dé?" Ísáákì béèrè. "Ṣebí ohun tẹ́ ẹ bá wá náà nìyí. Ẹ yọ idà yẹn tán, ká bá yín parí iṣẹ́, kẹ́ ẹ padà lọ gba oyè."

"Ìwọ náà á kú síbí," Sídíkà wí.

"Á ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti lé wa kiri tó, a ti mọ̀ ọ́n rìn. Kọ́gá mi máa yára o, erùpẹ̀ wúwo lọ́wọ́ Yánkámù. Omi wo lẹ máa mu dé ilé?"

Mo rí ojú Sídíkà nígbà tí ìbéèrè náà wọlé. Ó bojú wẹ̀yìn wo ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Gbogbo kànga tó wà lójú ọ̀nà yẹn, ó mọ ẹni tó dí i. Òun fúnra rẹ̀ ló dí èyí tó tóbi jù nínú wọn. Wọ́n ní tí a bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, ká má gbẹ́ ẹ jìn; àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ gbẹ́, wọ́n kàn ń dí ni, wọ́n sì jìn sí i.

Ọ̀kọ̀ kan ṣubú. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó pàṣẹ. Ọwọ́ Sídíkà kúrò lórí idà, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

"Kí ni o fẹ́?" ó bi í.

"Ẹ jókòó ná. Ẹ jẹ iyọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Omi tí a fún wọn, ìwọ̀nba ni, kí inú wọn má bàa bàjẹ́. Wọ́n jẹ búrẹ́dì àti iyọ̀, nípa bẹ́ẹ̀ wọn kò lè bá wa jà mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́. Lẹ́yìn náà ni Ísáákì la àdéhùn kalẹ̀. Idà àti ọ̀kọ̀ yóò dúró sí Bíáṣébà títí iṣẹ́ á fi parí. A ó rọ omi sínú àpò awọ wọn, ìwọ̀n tó máa gbé wọn dé kànga tó sún mọ́ wa jù, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á la kànga náà pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rọ omi tó máa gbé wọn dé èkejì. Bẹ́ẹ̀ títí dé ẹnu odi wọn.

"Tá ò bá là á ńkọ́?" Sídíkà béèrè.

"Ẹ ò ní débẹ̀ náà nìyẹn," Ísáákì wí. "Náhámì á bá yín lọ, kó máa fi ibi tí ẹ máa gbẹ́ hàn yín. Bó o bá sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sínú kànga bàbá mi, ọ̀gágun, wàá bọ́ bàtà yẹn. A kì í wọ bàtà wọ omi mímu."

Báyìí ni mo ṣe jẹ́ ọ̀gá fún ogun Gérárì. Ó wù mí kí bàbá mi wà láyé kó rí mi. Ọ̀kọ̀ rẹ̀ wà léjìká mi, mo ń jẹ ọkà yíyan lábẹ́ ibòji, àwọn akọgun ń fi apata kó ẹrẹ̀ níwájú mi. Súári tó tẹ̀ lé mi ń kì wọ́n bí wọ́n ṣe ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀. "Ìjì etí òkun, ẹrẹ̀ kù ní igun ọ̀hún. Kìnnìún, rọra, o ń da iyanrìn sí mi lára." Nígbà tí a dé Ìṣọ̀tá, níbi tí wọ́n ti fọ́ ọ lójú, kò kì ẹnikẹ́ni. Ó jókòó létí kànga náà, ó ń wo ìsàlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé omi àkọ́kọ́ wá fún un láì jẹ́ pé a ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Súári gbà á, ó fi bọ́jú, ó dá korobá padà fún un.

Èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn kànga náà wà lẹ́nu odi Gérárì gan-an, èyí tí Sídíkà fi jẹ oyè. Àwọn ará ìlú tò sórí odi láti wo àwọn ajagunṣẹ́gun wọn. Ohun tí wọ́n rí ni ọmọ ogun tí kò ní ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, tí ẹrẹ̀ bò dé irùngbọ̀n, àti ọ̀gágun wọn tó ń gun okùn bọ̀ láti inú ilẹ̀, ẹsẹ̀ lásán, ìyẹ́ orí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ti adìyẹ òjò. Korobá omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu.

"Dúró ná," mo ní. "A kì í mu omi kànga tí kò lórúkọ. Kí ni wọ́n ń pè é?"

Ó wò mí. Ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, òun ló fà á tí wọ́n fi dí i.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, lẹ́yìn gbogbo ìwọ-ìwọ tó ti ń dà lù wá, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mu."

"Má bẹ̀ mí. Sọ ọ́. Má sì sọ ọ́ fún mi, èmi mọ̀ ọ́n láti kékeré. Àwọn tó wà lórí odi ni kó o sọ ọ́ fún."

Ó yí padà sí ìlú rẹ̀, ó sì wí i: "Kànga Ábúráhámù." Kò sókè tó. Súári ní à ò gbọ́. Ó tún un wí, ó pariwo rẹ̀, ó wá mu.

A fi àwọn ohun ìjà wọn ránṣẹ́ padà nígbà tó yá, èmi gbà pé kò yẹ ká dá wọn padà, n kò tíì yí ohùn padà di òní. Tó bá jẹ́ pé èmi ni, òkúta ni ǹ bá sọ lù wọ́n ní àárín òkè méjì yẹn, ǹ bá sì sùn dáadáa. Mo sọ fún Ísáákì bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo padà dé. Ó ní òun mọ̀, pé ìdí nìyẹn tí òun fi fi mí sórí òkè.

Mo bi Yánkámù bóyá ì bá dí kànga náà lóòótọ́. Ó ní òun ti búra, ó sì lọ yọ ẹrẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ kànga rẹ̀.

Mo wò yíká fún òkìtì erùpẹ̀ ńlá tó ga tó ràkúnmí, n kò rí i mọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti tẹ́jú. Mo bi Ádáhà. Kò gbójú sókè, ó ń tu koríko.

"Èyí tí àwọn ará Gérárì fẹ́ fi sin wá yẹn? Mo ti kó o sí ìdí àlùbọ́sà. Erùpẹ̀ dáadáa ni."